Gíríìkì àti Bhojpuri: Àwọn Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Wá Lórí Èdè Méjèèjì

A kó wọn jọ síbí nítorí pé wọn kì í tán nílẹ̀. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú, èyí tó ta kókó wà nísàlẹ̀. Lẹ́tà tiwa la fi kọ ọ̀rọ̀ Gíríìkì àti ti Bhojpuri kí kíkà wọn lè rọrùn.

Ibo ni wọ́n ti ń sọ Gíríìkì, ibo ni wọ́n sì ti ń sọ Bhojpuri?

Gíríìkì ni èdè ilẹ̀ Gíríìsì. Òun náà ni wọ́n ń sọ ní erékùṣù Kípírù, ibi tí Bíbélì sọ pé Pọ́ọ̀lù àti Bánábà wàásù dé. Àwọn ọmọ wọn tó ṣí lọ sí Ọsirélíà, Amẹ́ríkà, Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń sọ ọ́ nílé àti nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn.

Bhojpuri wà ní àríwá Íńdíà, lẹ́bàá odò Ganga. Ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Bihar ni kí ẹ wá a lọ, ní Arrah, Chhapra, Siwan àti Champaran, àti ìlà-oòrùn Uttar Pradesh, ní Ballia, Ghazipur, Gorakhpur àti Varanasi. Ó sọdá ẹnubodè wọ Nepal, ní agbègbè Birgunj. Bhojpur, àgbègbè kan ní Bihar, ló fún un lórúkọ.

Ènìyàn mélòó ló ń sọ wọ́n?

Àwọn tó ń sọ Gíríìkì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 13. Nígbà tí ìjọba Íńdíà ka ènìyàn ní 2011, àwọn tó pe Bhojpuri ní èdè abínibí wọn lé ní mílíọ̀nù 50. Ti Nepal lọ́dún kan náà lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Bí ẹnì kan bá ń sọ Gíríìkì, bí ẹni mẹ́rin ló ń sọ Bhojpuri. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tí kò gbọ́ orúkọ Gíríìkì rí, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí kò mọ̀ pé Bhojpuri wà títí di àná.

Ṣé lóòótọ́ ni pé mọ̀lẹ́bí ni wọ́n?

Lóòótọ́ ni. Inú ẹbí èdè ńlá tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Indo-European ni àwọn méjèèjì ti jáde, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, èdè Rọ́ṣíà àti ti Páṣíà náà ti wá. Gíríìkì nìkan ló wà lórí ẹ̀ka tirẹ̀. Bhojpuri wà lórí ẹ̀ka Indo-Aryan tí Sanskrit, èdè ìwé àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, jẹ́ àgbà fún, ó sì ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó pọ̀: Maithili àti Magahi ló sún mọ́ ọn jù, Bengali náà kò jìnnà.

Ọkùnrin tó là á mọ́lẹ̀ fáwọn ará Yúróòpù ni William Jones, adájọ́ kan tí wọ́n rán láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Kolkata ní Íńdíà. Ní 1786 ó sọ níwájú ẹgbẹ́ onímọ̀ tó dá sílẹ̀ níbẹ̀ pé ìjọra Sanskrit, Gíríìkì àti Látìn ju ohun tí èèṣì lè fà lọ, pé orísun kan ni wọ́n ti ṣàn wá, orísun tó ṣeé ṣe kó ti gbẹ.

Tí mo bá gbọ́ Gíríìkì, ṣé mo lè gbọ́ Bhojpuri?

Rárá o. Yorùbá àti Igbo náà jọ tan: ẹnu wa ni ọnụ wọn, etí wa ni ntị wọn, ẹ̀ta wa ni atọ wọn. Ẹ wá gbé ará Ìsẹ́yìn tí kò kúrò nílé rí lọ sí ọjà Onitsha, kí ẹ wò ó bóyá yóò lè ná iṣu. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ọdún tí ọ̀nà Gíríìkì àti ti Bhojpuri ti yà.

Kí ló wá fi hàn pé wọ́n jọ tan?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí òǹkà. Méjì ni *dío* ní Gíríìkì, *du* ní Bhojpuri. Mẹ́ta ni *tría* àti *tin*. Márùn-ún, *pénde* àti *panch*. Mẹ́jọ, *ochtó* àti *ath*. Mẹ́sàn-án, *ennéa* àti *nau*. Mẹ́wàá, *déka* àti *das*. Ení nìkan ni wọn kò jọ pín: *éna* àti *ek* wá láti orírun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Méje ló dára jù láti fi kọ́gbọ́n. *Eftá* ni Gíríìkì ń pè é, *sat* ni Bhojpuri. Kò jọ pé wọ́n bára tan rárá. Ṣùgbọ́n nínú èdè tó bí wọn, ìró s ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, p àti t sì wà láàárín. Gíríìkì sọ s yẹn di h, h náà sì kú nígbà tó yá. Ó ku *eptá*, tí ẹnu ayé òde òní sọ di *eftá*. Sanskrit pa s mọ́ ní tirẹ̀, *sapta*. Àwọn tó tẹ̀ lé e lọ́nà Bhojpuri jẹ́ kí t gbé p mì, ó di *satta*, wọ́n tún fa fáwẹ́lì rẹ̀ gùn, ó di *sat*. Ohun tí ọ̀kan sọ nù ni èkejì fi pa mọ́, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí èèyàn bá gbé wọn kalẹ̀ láìmọ ìtàn wọn, kò ní rí nǹkan kan.

Kì í ṣe òǹkà nìkan. Orúkọ ni *ónoma* àti *nanv*. Eyín ni *dóndi* àti *dant*. Tuntun ni *néos* àti *naya*. Ìyá ni *mitéra* àti *mai*. Èyí tó wù mí jù nínú wọn ni *dhuan*, èéfín ní Bhojpuri. Ìbátan rẹ̀ ní Gíríìkì ni *thimós*, tó jẹ́ ọkàn tàbí ẹ̀mí láyé àtijọ́, tó sì ti di ìbínú lónìí. Ẹni tí orí rẹ̀ ti gbóná rí kò ní í béèrè bí èéfín ṣe di ìbínú.

Lẹ́tà wo ni wọ́n fi ń kọ wọ́n?

Lẹ́tà 24 ni Gíríìkì ní. Ọwọ́ àwọn oníṣòwò Fẹ̀níṣíà ni wọ́n ti gbà á ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹjọ ṣáájú ìbí Kírísítì. Àwọn ará Fẹ̀níṣíà kì í kọ fáwẹ́lì sílẹ̀. Kọ́ńsónáǹtì nìkan ni wọ́n ń kọ. Àwọn Gíríìkì rí i pé àwọn lẹ́tà kan dúró fún ìró tí ẹnu àwọn kò ní, wọ́n bá sọ wọ́n di fáwẹ́lì. A, E àti O tí a fi ń kọ Yorùbá, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ di fáwẹ́lì, kí àwọn ará Róòmù tó gbà wọ́n.

Wọ́n ti ń kọ Gíríìkì sílẹ̀ kí lẹ́tà wọ̀nyí tó dé. Àwọn wàláà amọ̀ wà tí ọjọ́ orí wọn tó 3,400 ọdún, tí ẹnikẹ́ni kò lè kà títí di 1952, nígbà tí Michael Ventris, ayàwòrán-ilé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, já àdììtú wọn. Ohun tó wà nínú wọn kì í ṣe ewì: iye àgùntàn, òróró àti kẹ̀kẹ́ ogun tó wà láàfin ni.

Devanagari, lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ Hindi, ni wọ́n fi ń kọ Bhojpuri lónìí. Kaithi ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, lẹ́tà àwọn Kayastha, ìran akọ̀wé. Ó yá kọ, òun ni wọ́n sì fi ń kọ ìwé kóòtù, ìwé gbèsè àti ìwé ilẹ̀ ní Bihar ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìwé ilẹ̀ àtijọ́ ṣì wà ní Kaithi títí di òní, àwọn tó lè kà á sì ti ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó bá mọ bí ẹjọ́ ilẹ̀ ṣe ń rí nílé wa yóò mọ ohun tí ìyẹn ń dá sílẹ̀.

Àmì tó wà lórí lẹ́tà Gíríìkì ńkọ́? Ṣé àmì ohùn ni bíi tiwa?

Lónìí, rárá. Àmì kan ṣoṣo ló kù, ó sì ń tọ́ka sí silébù tí èèyàn yóò tẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ìyókù lọ. *Nómos* ni òfin, *nomós* ni ẹkùn ìṣàkóso. Ó ń yí ìtumọ̀ padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbára ni wọ́n fi ń pè é. Kì í ṣe bí ohùn ṣe ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀.

Láyé àtijọ́ ńkọ́? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dùn. Gíríìkì àtijọ́ ń lo ohùn: silébù kan nínú ọ̀rọ̀ máa ń gòkè ju àwọn tó kù lọ. Nígbà tí àwọn àjèjì tó ń kọ́ Gíríìkì pọ̀ sí i, àwọn onímọ̀ ìlú Alẹkisáńdíríà wá àmì tí yóò ràn wọ́n lọ́wọ́. Aristophanes ará Byzantium, tó ń tọ́jú ilé ìkàwé ìlú náà ní nǹkan bí 200 ṣáájú ìbí Kírísítì, ni wọ́n sọ pé ó dá a sílẹ̀. Àmì tó fì sókè sí ọ̀tún wà fún ohùn òkè, èyí tó fì sísàlẹ̀ wà fún ohùn tó sọ̀. Àmì méjèèjì yìí gba inú ìwé àwọn ará Yúróòpù dé ọwọ́ àwọn tó kọ́kọ́ kọ Yorùbá sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, iṣẹ́ tí wọ́n dá wọn fún gan-an ni wọ́n sì ń ṣe lọ́dọ̀ wa. Nígbà tó di 1982, ìjọba Gíríìsì pa ìyókù rẹ́, wọ́n fi ẹyọ kan sílẹ̀. Àwa náà ń pa tiwa rẹ́ lórí fóònù lójoojúmọ́, láìsí ìjọba tó ní ká ṣe bẹ́ẹ̀.

Bhojpuri kò ní ohùn bíi tiwa, kò sì lo àmì kankan fún un.

Ìró wo ló máa fún ẹnu Yorùbá ní ìṣòro?

Ní Bhojpuri, èémí ni. Tí ẹ bá pe k láìjẹ́ kí èémí jáde tẹ̀ lé e, ìró kan nìyẹn. Tí èémí bá bá a jáde, ìró mìíràn ni. *Kana* ni olójú kan, *khana* ni oúnjẹ. Ẹ má fi ìkan pe èkejì nílé àna yín. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún g àti gh, t àti th, p àti ph, b àti bh. Àwọn t àti d kan tún wà tí wọ́n máa ń ká ahọ́n sẹ́yìn pè. Fáwẹ́lì àránmúpè rẹ̀ kò ní yọ yín lẹ́nu rárá, àwa tí a ń sọ *ọkàn* àti *irun* látìgbà èwe.

Ní Gíríìkì, ìró inú ọ̀fun àti ti ahọ́n láàárín eyín ni yóò fẹ́ ìdánrawò. Pípè rẹ̀ tún sàn ju kíkọ rẹ̀ lọ: fáwẹ́lì márùn-ún péré ló ní, ṣùgbọ́n ọ̀nà mẹ́fà ni wọ́n ń gbà kọ ìró i, ẹni tó ń kọ́ ọ kàn máa há a sórí ni.

Ìró ṣ ò sí ní Gíríìkì. Bhojpuri náà máa ń sọ ọ́ di s lẹ́nu àwọn ará oko: *shahar*, ìlú ńlá, di *sahar*. Àwọn ará Ìbàdàn kan yóò rí ìbátan níbẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀ sínú gbólóhùn?

Ẹ mú “Mò ń jẹ ìrẹsì”. Gíríìkì: *Tróo rízi*. Ọ̀rọ̀ méjì péré, nítorí pé “èmi” ti wà nínú ìrù ọ̀rọ̀-ìṣe. Bhojpuri: *Ham bhat khat bani*, tí í ṣe èmi, ìrẹsì, jíjẹ, wà. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló máa ń gbẹ̀yìn.

Ibi tí Gíríìkì ti ń fi ọ̀rọ̀ atọ́kùn ṣáájú bíi tiwa, Bhojpuri ń fi í sẹ́yìn: *ghar me*, ilé nínú. Gíríìkì lè ju ọ̀rọ̀ síwájú sẹ́yìn nínú gbólóhùn ju àwa lọ, torí pé ìparí ọ̀rọ̀-orúkọ ló ń sọ ẹni tó ṣe nǹkan àti ẹni tí wọ́n ṣe é sí.

Ṣé wọ́n ń pín ọ̀rọ̀ sí akọ àti abo?

Gíríìkì ń pín in sí mẹ́ta: akọ, abo, àti èyí tí kì í ṣe akọ tí kì í ṣe abo. Ẹ má wá ọgbọ́n kankan nínú rẹ̀. Ògiri, *tíchos*, jẹ́ akọ. Ilẹ̀kùn, *pórta*, jẹ́ abo. Ọmọdébìnrin, *korítsi*, kì í ṣe ìkankan.

Ará ilé wa ni Bhojpuri lórí èyí. *U* ni wọ́n ń pe ọkùnrin, òun ni wọ́n ń pe obìnrin, òun ni wọ́n ń pe ajá, bí àwa náà ṣe ń sọ “ó” tí a kì í bi ara wa bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Akọ àti abo máa ń yọjú díẹ̀ lára ọ̀rọ̀-ìṣe, ṣùgbọ́n kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Hindi, tó fún tábìlì àti àga pàápàá ní tiwọn.

Ṣé wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ bíi “ẹ” àti “wọ́n”?

Àwọn méjèèjì ní in. Ọgbọ́n Gíríìkì dà bíi tiwa gan-an: *esí* ni ìwọ, *esís* ni ẹ̀yin, ẹni kan tó jẹ́ àgbà tàbí àlejò yóò sì gba *esís*. Tí wọ́n bá fẹ́ béèrè orúkọ yín, wọn á ní *Pós sas léne?*, báwo ni wọ́n ṣe ń pè yín.

Bhojpuri ní ìpele mẹ́ta. *Ten* wà fún ọmọdé, fún ẹni tí ẹ jọ dàgbà tẹ́ ẹ mọwọ́ ara yín, tàbí fún ẹni tí ẹ fẹ́ bú. *Tu* wà láàárín. *Raua* ni ti ọ̀wọ̀, kì í sì í ṣe pé wọ́n yá a lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ bíi “ẹ̀yin” wa. Orúkọ yín? *Raur nanv ka ha?* Ọ̀rọ̀-ìṣe ń yí padà tẹ̀ lé ìkọ̀ọ̀kan wọn, nítorí náà ẹni tó bá ṣì í mú, gbogbo gbólóhùn ni yóò tú u fó.

Ohun ìyanu kékeré kan: *ham*, tí Bhojpuri ń lò fún “èmi”, “àwa” ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí oníkálukú ti wá di “àwa”, wọ́n ní láti wá “àwa” mìíràn, wọ́n sì rí *hamni*.

Kí ni *go*, *tho* àti *-wa* tí mò ń gbọ́ nínú orin Bhojpuri?

Tí wọ́n bá ń ka nǹkan, wọn kì í sọ nọ́ńbà lásán. *Du go laika* ni ọmọkùnrin méjì, *du tho am* ni máńgòrò méjì. Ẹ kà á sí “ẹyọ”. Gíríìkì kò ní irú rẹ̀.

*-Wa* ń ṣe iṣẹ́ tó sún mọ́ “náà” wa: *ghar* ni ilé, *gharwa* ni ilé náà, ilé tí a ti jọ mọ̀. Ó tún lè gbé ìfẹ́ tàbí yẹ̀yẹ́ dání, ohùn ẹni tó ń sọ ọ́ ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ̀. Iwájú ni Gíríìkì ń fi tirẹ̀ sí: *o*, *i* tàbí *to*.

Ìkìlọ̀ wo ló yẹ kí n gbọ́ kí n tó lọ síbẹ̀?

*Ne* ní Gíríìkì ni bẹ́ẹ̀ ni. *Na* ní Bhojpuri ni rárá. Tí ará Gíríìsì bá sì gbé àgbọ̀n sókè tó gbé ojú sókè, ó ti kọ̀ fún yín nìyẹn, kò sọ̀rọ̀.

Èwo ló rọrùn láti kọ́ láti ilé?

Ní ti ìwé, ìdánwò àti olùkọ́, Gíríìkì ni. Ní ti etí, mo fọwọ́ sí Bhojpuri: fíìmù àkọ́kọ́ ní èdè náà jáde ní 1963, àwọn tó tẹ̀ lé e àti orin wọn sì kún YouTube. Google Translate náà gba Bhojpuri wọlé ní 2022. Ẹ fi ṣe ìrànlọ́wọ́. Ẹ má fi kọ lẹ́tà ìfẹ́.

Èdè ni Bhojpuri, àbí ẹ̀ka Hindi?

Èdè ni. “Mo rí i” ní Hindi ni *maine dekha*. Ní Bhojpuri, *ham dekhni*. “N óò rí i” ní Hindi ni *main dekhunga*. Ní Bhojpuri, *ham dekhab*. Ìró b tó ń sọ ohun tó ń bọ̀ yẹn wà ní Bengali, kò sí ní Hindi. George Grierson, tó ṣe ìwádìí èdè Íńdíà fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kò fi í sábẹ́ Hindi. Ó kó o pọ̀ mọ́ Maithili àti Magahi, ó pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Bihari.

Ìjọba Íńdíà ló ń kà á sábẹ́ Hindi. Èdè 22 ni òfin ilẹ̀ náà dá mọ̀ nínú àtòkọ rẹ̀ kẹjọ. Wọ́n fi Maithili kún un ní 2003. Bhojpuri, tí àwọn tó ń sọ ọ́ pọ̀ ju ti Maithili lọ fíìfíì, wà lẹ́nu ọ̀nà, bí àwọn aṣòfin tó ti ibẹ̀ wá ṣe ń bẹ̀bẹ̀ fún un tó. Ọ̀pọ̀ òbí níbẹ̀ ló ń sọ Hindi fọ́mọ torí wọ́n ka Bhojpuri sí èdè oko. Àwa tí wọ́n lù nílé ìwé torí pé a sọ Yorùbá mọ orin yẹn.

Ẹ wá wo Gíríìkì. Mílíọ̀nù 13 péré, ṣùgbọ́n ó ní orílẹ̀-èdè méjì lẹ́yìn, ó sì ti wà lára èdè tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi ń ṣiṣẹ́ láti 1981. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ tó tóbi jù láàárín èdè méjèèjì wà, ó ju ọ̀rọ̀ akọ àti abo lọ.

Ṣé Gíríìkì tí wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Tuntun ni wọ́n ń sọ lónìí?

Ọ̀kan náà ni, bí ọmọdé ṣe jẹ́ ẹni kan náà nígbà tó bá dàgbà. Ará Áténì òde òní lè mọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n gírámà rẹ̀ yóò máa fà á lẹ́sẹ̀.

Ìjà ti ṣẹlẹ̀ lórí èyí. Lẹ́yìn tí Gíríìsì gba òmìnira, àwọn ọ̀mọ̀wé gbé èdè kan kalẹ̀ tí wọ́n fọ̀ mọ́ kó lè jọ ti àtijọ́. Òun ni ti ìjọba àti ilé ìwé, àwọn aráàlú sì ń sọ tiwọn. Ní 1901 ìwé ìròyìn kan tẹ Ìhìnrere Mátíù jáde ní èdè ìgboro. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹsẹ̀ kọ́ ìgboro Áténì, ènìyàn mẹ́jọ kú, olórí ìjọba sì kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ọdún 1976 ni òfin tó wá fi èdè ìgboro sí ipò rẹ̀.

Ṣé àwọn èdè méjèèjì ti pàdé rí?

Àwọn baba ńlá wọn ti pàdé. Alexander, ọba tó kó ogun Gíríìkì lọ sí ìlà-oòrùn, dé Punjab ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Íńdíà ní 326 ṣáájú ìbí Kírísítì, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ló kọ̀ láti tẹ̀ síwájú. Kò dé ilẹ̀ Bhojpuri. Ẹni tó dé itòsí ibẹ̀ ni Megasthenes, ikọ̀ tí Seleucus, ọba Gíríìkì kan, rán sí ààfin Chandragupta, ọba Íńdíà, ní Pataliputra, ìlú tó ń jẹ́ Patna lónìí. Lẹ́yìn ìyẹn, Ashoka, ọmọ-ọmọ Chandragupta, dárúkọ àwọn ọba Gíríìkì nínú òfin tó gbẹ́ sára àpáta, ó sì kọ òfin rẹ̀ ní èdè Gíríìkì fáwọn tó wà ní Kandahar, ní Afghanistan òde òní. Òpó òkúta rẹ̀ ṣì dúró ní Champaran, láàárín àwọn tó ń sọ Bhojpuri. Bhojpuri fúnra rẹ̀ kò tíì sí nígbà náà.

Ọ̀rọ̀ ń lọ, ọ̀rọ̀ ń bọ̀. Owó *drachmí* ti Gíríìkì wọ Íńdíà, ó sì di *dam*, iye tí wọ́n ń ta ọjà. Láti Íńdíà ni ata *pipéri* àti ṣúgà *záchari* ti dé Gíríìsì. Ṣúgà tiwa náà, ọmọ ọ̀rọ̀ Sanskrit kan náà ni. Ọ̀rọ̀ kan wà tó dé ilé gbogbo wa: *kálamos*, esùsú tí àwọn Gíríìkì fi ń kọ̀wé. Lárúbáwá gbà á, ó pè é ní *qalam*. Pẹ̀lú ẹ̀sìn Ìsìláàmù ó lọ sí ìlà-oòrùn, ó di *kalam* ní Bhojpuri. Ó rìn wá sí ìwọ̀-oòrùn, ó di kálàmù ní ilé kéwú wa.

Ṣé èdè kan wà tí ìran méjèèjì ti dà pọ̀?

Ó wà: Romani, èdè àwọn Roma. Láti Íńdíà ni wọ́n ti ṣí, ẹ̀ka kan náà pẹ̀lú Bhojpuri ni èdè wọn, wọ́n sì gbé láàárín àwọn Gíríìkì fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó fọ́n ká Yúróòpù. Òǹkà wọn ló sọ ìtàn náà. *Ekh, duj, trin* dé orí mẹ́fà jẹ́ ti Íńdíà. Nígbà tó kan méje, mẹ́jọ àti mẹ́sàn-án, ó di *efta, oxto, enja*, Gíríìkì pọ́nbélé. Mẹ́wàá tún padà sí Íńdíà: *deš*.

Báwo ni Bhojpuri ṣe dé Mauritius àti Trinidad?

Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí oko ẹrú, àwọn olóko ìrèké wá òṣìṣẹ́ mìíràn. Láti 1834 ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ òkun kó àwọn ará Íńdíà lọ sí Mauritius lábẹ́ ìwé àdéhùn. Guyana tẹ̀ lé e ní 1838, Trinidad ní 1845, Suriname ní 1873, Fiji ní 1879. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti ilẹ̀ Bhojpuri. Ẹnu wọn sọ *agreement* ti Gẹ̀ẹ́sì di *girmit*, ni wọ́n bá ń jẹ́ *girmitiya*. Àwọn tó gúnlẹ̀ sí Mauritius nìkan sún mọ́ ìdajì mílíọ̀nù. Orin ìgbéyàwó tí àwọn obìnrin ń kọ ní Bhojpuri níbẹ̀, Geet-Gawai, wọ ìwé ohun àjogúnbá UNESCO ní 2016.

Ní Trinidad, àwọn ọmọ *girmitiya* yìí àti àwọn tó ń bọ Ṣàǹgó àti Ògún jọ ń gbé erékùṣù kan. Èdè Yorùbá ibẹ̀ kù sínú orin òrìṣà. Bhojpuri ibẹ̀ náà ti ń sá sínú orin, lẹ́nu àwọn arúgbó.

Ṣé *theós* ti Gíríìkì àti *dev* ti Íńdíà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà? Ọlọ́run ni méjèèjì.

Wọn ò tan. Ojú ló ń tan yín jẹ. D ti Íńdíà kì í bá th ti Gíríìkì pàdé. D ni í bá pàdé, bí ẹ ṣe rí i nínú *déka* àti *das*. Ìbátan *dev* gan-an ní Gíríìkì ni *Zeus*, tí wọ́n ń pè ní *Días* lónìí. Ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀ ni orírun àwọn méjèèjì. Bí ọ̀rọ̀ méjì bá jọra jù, ẹ kọ́kọ́ fura sí i.

Èwo ló dàgbà jù?

Kò sí ìkankan. Tí a bá ń sọ ti ìwé kíkọ àti orúkọ, Gíríìkì ti pẹ́ jìnnà. Tí a bá ń sọ ti ẹnu, ìyá Bhojpuri gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá tirẹ̀, ìyẹn lẹ́nu ìyá tirẹ̀, kò sí ọjọ́ kan tí ọmọ jí tí kò gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ ń wí. Orúkọ ni wọ́n yí padà lójú ọ̀nà, láti Sanskrit dé Magadhi, èdè tó wà láàárín, dé Bhojpuri. Gíríìkì yí tó bẹ́ẹ̀, ó kàn pa orúkọ mọ́ ni.

Kí ni òfin Grassmann, kí ló sì kàn wá?

Hermann Grassmann, ọmọ Jámánì tó tún jẹ́ oníṣirò, ló kíyè sí i ní 1863. Nínú Gíríìkì àti Sanskrit, bí ìró méjì tó ní èémí bá tẹ̀ léra nínú ọ̀rọ̀ kan, ti àkọ́kọ́ yóò sọ èémí tirẹ̀ nù. Ó dà bíi pé wọ́n jogún rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wọn ò jogún rẹ̀. Oníkálukú dé ibẹ̀ fúnra rẹ̀.

Báwo la ṣe mọ̀? Ẹ mú orírun tó túmọ̀ sí “dì” tàbí “so”, *bhendh*. Sanskrit yọ èémí àkọ́kọ́ kúrò, ó ku *bandh*. Gíríìkì ti kọ́kọ́ sọ bh àti dh di ph àti th, *phenth*, kó tó yọ èémí, ìdí nìyẹn tó fi ku *penth*, pẹ̀lú p. Ká ní kí wọ́n tó pínyà ni òfin yìí ti ṣiṣẹ́, b ni ìbá wà níbẹ̀.

Ti Bhojpuri ni *banhal*, láti di nǹkan: ìdì igi, ẹran ọ̀sìn mọ́ èèkàn. Ti Gíríìkì ni *petherós*, bàbá ìyàwó tàbí bàbá ọkọ. Lọ́dọ̀ wa náà, síso ni wọ́n ń so yìgì.